Ọ̀dùnkún Yẹ Tábìlì Ọdún

Ìjà kan wà tí mo fẹ́ bá àwa Ìjẹ̀bú jà, n kò sì ní jà á ní kọ̀rọ̀: ìtìjú tí ọ̀dùnkún ń kó bá wa. Bí Iléyá bá dé, tí Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta sì kó àlejò kún Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dá aṣọ tirẹ̀, àwọn ìdílé ológun yóò gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá padà délé, ìrẹsì ni a ó bù fún àlejò. Bí a bá sì fẹ́ fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, pòtétò òyìnbó tí a ń pè ní Áírìṣì ni a ó dín. Àṣà wa wá wà lára aṣọ, kò sí nínú àwo.

Wọ́n ní oúnjẹ tálákà ni ọ̀dùnkún, pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ibùjókòó rẹ̀, lọ́dọ̀ alákàrà. Kí ni ewùrà jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ìyá wa tó tẹ̀ ẹ́? Iṣu tí kò ṣeé gún níyán ni. Wọ́n rin ín, wọ́n fi epo, ata àti ẹja sè é, ó di ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ń yangàn. Ọwọ́ tí ó se oúnjẹ ni ó ń fún un níyì, kì í ṣe owó tí a fi rà á.

Àwọn mìíràn ní kì í ṣe tiwa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ ni àgbàdo àti ata ti wá. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé gààrí Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú?

Wọ́n tún ní ó dùn jù. Dòdò ńkọ́? Ṣé kíkan ni ó ń kan ni, tí kì í fi í wọ́n nílé ìnáwó?

Ẹ jẹ́ kí a sè é bí oúnjẹ ọdún. Ẹ ṣa èyí tí ó le, tí omi rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù kí ó tó rọ̀ jù. Ẹ fi epo pupa yan àlùbọ́sà, ata rodo àti edé lílọ̀, kí ẹ wá rọra yí i pọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran àgbò, kí ẹ sì wo èyí tí yóò kọ́kọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ju adùn ẹnu lọ. Àìtó fítámì A a máa fọ́ ọmọdé lójú, ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn sì ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì náà. Epo tí a fi sè é ni ó ń jẹ́ kí ara rí i lò dáadáa. Ní ọdún 2016, Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí irú ọ̀dùnkún yìí nílẹ̀ Áfíríkà. Amẹ́ríkà ọlọ́rọ̀ ń gbé e sórí tábìlì ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ wọn, ojú kò tì wọ́n. Àwọn Ọ̀fà náà kò fi ànàmọ́ pamọ́ fún àlejò.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, ibẹ̀ sì ni ó ti dùn mí jù. Ọ̀dùnkún, ànàmọ́, kúkúńdùkú: orúkọ mẹ́ta ni Yorùbá fún un. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ̀ ju pòtétò lọ. Oúnjẹ tí a bá lé kúrò nínú àwo, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu.

Ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ẹni tí aṣọ òkè wà lọ́rùn rẹ̀ lójúde ọba, tí ó ń tijú ọ̀dùnkún nílé, aṣọ nìkan ni ó jogún.