Owó Ọlidé: Ilé Ìgbafẹ́ Ni, tàbí Ilé Bàbá Wa?

 

Ọ̀rọ̀ tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa tí ó kọjá kò tíì tán nílẹ̀. Olúkúlùkù ló mọ ohun tí ó sọ lọ́jọ́ náà, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Àbá tí wọ́n gbé wá síwájú ilé ni pé kí ẹ̀ka wa yé fi owó ọdún háyà bọ́ọ̀sì tí ń kó àwọn ọmọ wa lọ sílé. Kí á máa fi owó náà gba yàrá ní ilé ìgbafẹ́ ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí bàbá, ìyá àti ọmọ lè sinmi bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń sinmi. Àwọn tí ó ti àbá yìí lẹ́yìn kì í ṣe aláìnírònú. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ìwé yìí lòdì sí i, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni. Ní ayé àwọn bàbá wa, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀. Láti 1927 tí irin ti gba Kafanchan dé Jos, ènìyàn lè jókòó tẹ́rútẹrù, kí ó gba Kaduna àti Minna kọjá, kí ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀fà tàbí Òṣogbo láìfi ẹsẹ̀ tẹ gáréèjì. Ayé yẹn ti lọ. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti di ohun tí à ń gbọ́ tí à ń dá ọwọ́ lérí. Ẹ̀rù ajínigbé sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ojú ọ̀run ni à ń gbà dé ilé ìgbafẹ́ ni? Ẹni tí ó bá ń lọ sí Yankari láti Jos, Bauchi ni yóò gbà kọjá, orí títì kan náà, epo kan náà. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Obudu yóò gba Benue kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà ilé bà, tí ẹ̀rù ọ̀nà Obudu kò bà, ẹ̀rù nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n tún ní ìdílé òyìnbó gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí òyìnbó ti ṣe é. Ní 1936 ni Billy Butlin ṣí ibùdó ọlidé rẹ̀ sí Skegness, ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó fi ń pe èrò ni pé owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ènìyàn yóò fi ṣe ọlidé ọ̀sẹ̀ kan, ti oùnjẹ ti eré. Ní 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí ọlidé tí òṣìṣẹ́ yóò máa gba owó lé lórí, èrò sì túbọ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n dá irú ibẹ̀ sílẹ̀ fún, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé iṣẹ́, kì í ṣe ọlọ́lá. Ẹ wá mú òṣùwọ̀n Butlin, kí ẹ fi wọn tiwa. Láti 2024, owó oṣù tí òfin ní kí á san fún òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, 17,500 náírà ni ti ọ̀sẹ̀ kan. Kí àwọn tí ó dá àbá yìí bá wa wá ilé ìgbafẹ́ tí ènìyàn kan ṣoṣo yóò ti fi 17,500 náírà sùn fún ọjọ́ méje, kí ó sì jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí wọ́n bá rí i, àwa ni a ó kọ́kọ́ di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ o. Ìdílé mẹ́ta nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti dá owó jọ rí, a sì lọ. A kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí a kò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Iye tí wọ́n dá fún wa lórí fóònù, ti ènìyàn méjì ni. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ka orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí á sanwó lé e. Matiréèsì tí a fi kún ti inú yàrá, owó. Odò ìlúwẹ̀ẹ́, owó. Ẹṣin tí ọmọ gùn yípo igi kan ṣoṣo, owó. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta, àwo ìrẹsì kan ní ilé oúnjẹ wọn sì ju ohun tí a fi ń se ìkòkò kan nílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, gaàrí àti ẹ̀pà tí ìyá kan ti fi ọgbọ́n pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò aṣọ ni àwọn ọmọ mu sùn. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ní òru, ooru sì mú wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a padà dé Jos, a bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí ó dùn mọ́ wọn jù. Gbogbo wọn fi ẹnu kò pé eré bojúbojú tí wọ́n ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ o! Ilé ta ni kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ń pẹ̀gàn ohun rere tí Ọlọ́run fi sí ilẹ̀ yìí. Yankari kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Láti nǹkan bí 1956 ni a ti ya igbó náà sọ́tọ̀ fún ẹranko; ní 1962 a ṣí i fún aráyé láti máa wá wò; ní 1991 ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ní 2006 ó sì padà sọ́wọ́ ìjọba Bauchi. Ó fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Àjànàkú wà níbẹ̀, tòótọ́tòótọ́, kì í ṣe ti inú ìwé. Omi Wikki tí ń sun lábẹ́ àpáta kì í yàtọ̀, bí ojò, bí ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọ̀sán, bí òru: ìwọ̀n 31 Sẹ́ńtígíréèdì ni. Ẹni tí ọyẹ́ Jos bá ti nà dáadáa ló mọ adùn omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lówó, kí ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wò ó, kí wọ́n rí erin kí wọ́n tó dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé omi yẹn àti erin yẹn ni ohun tí ó tó gbà lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣe ibùsùn àti aṣọ ìnura funfun. Erin kò mọ ẹni tí ó sun yàrá ńlá.

Ti Obudu ni ó pa wá lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1951 fún ìtọ́jú màlúù, orí òkè ni, ó ga tó 1,600 mítà sókè òkun. Ní 2005 wọ́n tún ṣe ọkọ̀ tí ń rìn lórí okùn gun òkè náà. Ohun tí a fi ń yìn ín jù ni òtútù rẹ̀. Ẹni tí ń gbé Èkó tàbí Calabar, òtútù lè wù ú rà. Àwa tí à ń gbé Jos, tí ilẹ̀ wa ga ju 1,200 mítà lọ, tí a fi kóòtù sùn láti oṣù kọkànlá, àwa ni a ó kó owó ẹgbẹ́ lọ ra òtútù? Jos tí a wà yìí gan-an ni àwọn òyìnbó amúnisìn fi ṣe ibi ìsinmi nígbà tí ooru bá lé wọn ní ìsàlẹ̀. Hill Station tí ó wà nílùú jẹ́rìí sí i. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos tí Bernard Fagg ṣí ní 1952 wà níbí, ère Nok sì wà nínú rẹ̀. Ọgbà ẹranko wà láti 1972. Ìṣàn omi Assop wà lójú ọ̀nà Akwanga. Kí àwọn tí ń pariwo ilé ìgbafẹ́ sọ fún wa, ìgbà mélòó ni wọ́n ti gbé ọmọ wọn dé ọ̀kan nínú wọn?

Ibí yìí ni a fẹ́ ti sọ òótọ́ kan tí àwọn àgbà wa kan kò ní fẹ́ gbọ́. Ìyá kan dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin pè é ní ìsinmi, àwa ń lọ fọ abọ́ ni." Ariwo sọ, wọ́n ní kí ó jókòó. Kò yẹ kí á ní kí ó jókòó, nítorí òótọ́ ló sọ. Bí obìnrin bá ti dé ilé ọkọ, ilé ìdáná ni ilé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò tún wọ bọ́ọ̀sì. Àárọ̀ kùtù, ó ń gún iyán. Òru, ó ń fọ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń gbà "ẹ kú àbọ̀." Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Gbogbo ilé ló gbà pé ará Òkè Ọya ń wa kùsà tà. Aṣọ ẹbí ń dúró dè é, owó ìsìnkú ń dúró dè é, ìbátan tí kò mọ̀ rí ń béèrè owó ìwé ọmọ. A mọ̀ dájú pé kì í ṣe ẹwà yàrá ló ń fa ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé ìgbafẹ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń wá. A kò bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò san gbèsè rẹ̀? Àwọn ọmọ ni. Ọmọ kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 14, Jos ni a bí i sí. Hausa rẹ̀ dán bíi ti onílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọn kò fi mú un délé. Nígbà tí ó dé, ìyá bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀. Ọmọ náà dúró gbagidi, ó ń wo màmá bí ẹni tí ń sọ èdè àjèjì, ó sì yíjú sí bàbá rẹ̀, ó bi í ní Hausa pé kí ni màmá ń wí. Màmá dákẹ́. Kò parí oríkì náà. Bàbá ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, omi sì wà lójú rẹ̀.

A tún ní láti rán ara wa létí ohun tí a kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 àti oṣù kọkànlá ọdún 2008, nígbà tí ìlú yìí gbóná, ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó ìyàwó àti ọmọ lọ sílé ní kíákíá. Àwọn tí ọmọ wọn ti mọ ilé, ilé gbà wọ́n, wọ́n mọ yàrá tí wọn yóò sùn, wọ́n mọ orúkọ ẹni tí yóò fún wọn ní omi. Àwọn tí kò mọ ilé ń bi ará àdúgbò léèrè agbolé tiwọn. Ilé ìgbafẹ́ wo ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí owó ẹgbẹ́ gan-an. Télọ̀ dá nínú owó yìí, oníata dá nínú rẹ̀, ọ̀gá báǹkì náà dá iye kan náà. Akápò ṣírò rẹ̀ níwájú gbogbo wa: owó tí ó gbé bọ́ọ̀sì kan tí ó kún fún ọmọ lọ tí ó sì gbé wọn bọ̀, ìdílé mẹ́rin péré ni yóò sùn ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìgbafẹ́. Ta ni ìdílé mẹ́rin náà? Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó àpò ara rẹ̀ lọ, kí ó lọ, kí ó sì mú àwòrán bọ̀ fún wa. Owó oníata kọ́ ni yóò fi lọ.

Ohun tí àwa dábàá nìyí. Kí bọ́ọ̀sì máa lọ, kí ó sì jẹ́ ojúmọmọ ni yóò fi rìn, bí ó tilẹ̀ gba kí á sun ọ̀nà ní ọjọ́ kan ní ilé ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Kí ọjọ́ méjì nínú ìsinmi náà jẹ́ ti ìgbafẹ́ nílé: ọdún kan Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ọdún kejì Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ó ní ipele méje, ọdún mìíràn òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ, tàbí Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1830. Ní ọjọ́ méjèèjì, obìnrin kankan kò gbọdọ̀ dáná. Àwọn ọkùnrin ni yóò ra oúnjẹ, tí wọn yóò sì fọ abọ́ rẹ̀. A ti gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan láti ibi tí a jókòó sí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mú kàn-ìn-kàn-ìn dání. Fún àwọn ọmọ tí kò bá lè lọ sílé nítorí ìdánwò tàbí àìsàn, kí ẹ̀ka gbé wọn lọ sí Assop tàbí Yankari fún ọjọ́ kan, àárọ̀ lọ, alẹ́ bọ̀ bí ó bá ṣe Assop, kí wọ́n má bàa jókòó sílé.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí àwọn ìyá wá, kí wọ́n má sì jókòó sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì, kí ó rí akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè, bàbá rẹ̀ ti kọ orúkọ tirẹ̀.