Ìwà Àlejò ní Ìlú Kyoto

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ibì kan bá wà lórí ilẹ̀ ayé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànì ni. Láti ọdún 794 ni a ti mọ̀ ọ́n sí ìlú ọba, títí di ọdún 1869 tí ọba wọn ṣí lọ sí Tokyo. Èyí ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Lónìí àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.4, ṣùgbọ́n àwọn àlejò tí ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ ju àwọn onílé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ìlú tí ń rí oúnjẹ jẹ lára àlejò ní ẹ̀tọ́ láti wí fún un pé, “Má ṣe kọjá ibí yìí”? Lójú tèmi, ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn àlejò ń wá lọ. Tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Buddha tí ó wà ní Kyoto tó bíi 1,600, ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Shinto sì tó bíi 400. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni èyí tí a ń pè ní Kiyomizu wà. Gbàgede iwájú rẹ̀, tí a tún kọ́ ní ọdún 1633, yọ síta lórí àwọn òpó igi ńláńlá tí ó ga tó mítà 13, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì fi igi há igi tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lo ìṣó láti so àwọn òpó náà pọ̀. Ní Fushimi Inari, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ìrẹsì àti ti òwò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu-ọ̀nà pupa ni ó tò tẹ̀lé ara wọn gun orí òkè. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi wọ́n tọrẹ. Bí ènìyàn bá ń gòkè lọ, kò ní rí nǹkan kan kà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bojú wẹ̀yìn, yóò rí orúkọ àwọn tí ó tọrẹ náà lára òpó. Mélòó nínú àwọn tí ń ya àwòrán níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé abẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti ọpẹ́ ọmọ ẹ̀dá ni òun ń gbà kọjá?

Tẹ́ḿpìlì Kinkaku, tí a fi wúrà bo ara rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ wò ṣáájú. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà dáná sun ún. Èyí tí a ń wò lónìí, ọdún 1955 ni a parí rẹ̀. Àwọn kan ń wí pé ayédèrú ni nítorí náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi lè jóná, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ tí a fi gbẹ́ igi náà ti wà láti ìran dé ìran, òun ni ó sì gbé ilé náà dìde.

Ní ti oúnjẹ, Kyoto kò sí létí òkun, nítorí náà ẹja tútù ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn àlùfáà Buddha pẹ̀lú kì í jẹ ẹran. Inú àìní yìí ni wọ́n ti mú ọgbọ́n jáde. Wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe wàrà tí wọ́n ń pè ní tófù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bá dì sójú omi ẹ̀wà náà lórí iná, wọn a rọra ká a kúrò, yuba ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń fi iyọ̀ rẹ ẹ̀fọ́ àti gbòǹgbò kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Láti Uji, nítòsí ìlú náà, ni ewé tíì olókìkí ti ń wá; wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a fi ohun ìpò tí a fi ọparun ṣe pò ó nínú omi gbígbóná títí yóò fi hó. Sen no Rikyu, tí ó kú ní ọdún 1591, ni ó sọ bíbu tíì fún àlejò di ẹ̀kọ́ ìwà pẹ̀lẹ́, àwọn ìdílé mẹ́ta tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ sì ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà ní Kyoto títí di òní. Ọjà Nishiki ni a ti lè rí púpọ̀ nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, àwọn ọlọ́jà sì ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n dúró jẹun níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á, kí wọ́n má ṣe máa jẹun rìn. Ìṣe ibì kan, èèwọ̀ ibòmíràn.

Àdúgbò Gion ni ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin oníṣẹ́-ọnà tí wọ́n ń pè ní geiko ń gbé, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn tí ń jẹ́ maiko, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ijó àti lílù shamisen olókùn mẹ́ta. Àwọn àlejò a máa lé wọn kiri bí ẹni ń lé ẹran ìgbẹ́, wọn a dí ọ̀nà mọ́ wọn, àwọn mìíràn a tilẹ̀ fa aṣọ wọn, nítorí àwòrán lásán! Ní ọdún 2024 ni àwọn ará àdúgbò náà ti àwọn ọ̀nà inú ilé wọn mọ́ àlejò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ẹni tí ó bá kọjá yóò san ìtanràn 10,000 yen.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ẹni tí ó náwó dé ìlú kì í ṣe ẹni tí à ń lé. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ta ni ó ta ẹnu-ọ̀nà ilé wọn fún àlejò náà? Owó ilé ìtura ni ó san, kò san owó orí ènìyàn. Pẹ̀lúpẹ̀lú, kì í ṣe gbogbo ará ìlú ni ó ń jèrè. Ìyá arúgbó tí kò rí àyè wọ ọkọ̀ èrò nítorí àpótí àwọn arìnrìn-àjò kò ní ilé ìtura kankan. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Ìdí nìyí tí n kò fi dá ìlú náà lẹ́bi pé, láti oṣù kẹta ọdún 2026, ó gbé owó orí ilé ìtura sókè títí dé 10,000 yen lálẹ́ kan fún ẹni tí ó bá sùn sí ilé olówó gọbọi.

Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn onílé pàápàá kò mọ́ tán. Ọdún Gion tí wọ́n ń ṣe ní oṣù keje bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 869 gẹ́gẹ́ bí ètùtù nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2023, wọ́n ta ìjókòó kan ní 400,000 yen kí àwọn ọlọ́rọ̀ lè rọ̀gbọ̀kú wò ó. Ẹni tí ó bá sọ ètùtù baba rẹ̀ di ìran wíwò kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí àlejò kò bá bọ̀wọ̀ fún un.

Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó má ṣe gbìyànjú láti rí tẹ́ḿpìlì mẹ́wàá lóòjọ́; méjì tó. Kí ó lọ sí Ryoan-ji ní kùtùkùtù, kí ó jókòó sí orí pákó níwájú ọgbà òkúta 15 tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì kà wọ́n. Ibikíbi tí ó bá jókòó sí, ọ̀kan yóò fara pamọ́ fún un. Kí ó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtura kí ó tó wọ ọkọ̀.