Ẹ Má Fọ́máàtì Láptọ́ọ̀pù Wa Mọ́

Bẹ́ ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù tí kì í tètè ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́nu géètì wa, kò sí ìbéèrè, kò sí àyẹ̀wò. "Fọ́máàtì ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀kan nínú wa gbé tòkunbọ̀ tirẹ̀ lọ ní sẹ́mẹ́sítà tó kọjá. Ìṣẹ́jú 7 ló fi ń dúró kó tó ṣí. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìyẹn, bátìrì rẹ̀ ò lè gbé e, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fọ́máàtì ẹ̀. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oríkì ìdílé tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá ti lọ. Kíbọ́ọ̀dù tó fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ó padà sílé lọ gba oríkì náà lẹ́ẹ̀kejì. Màmá ní àwọn ibì kan ò wá sí òun lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé "ó ṣáà yá", ẹ gbọ́ ìdí tó fi yá. Zoom, Teams, Spotify àti ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń fẹ́ jí fúnra wọn gbàrà tí Windows bá ti jí. Fọ́máàtì gbá gbogbo wọn dànù. Bẹ́ ẹ bá ti kó wọn padà, wọ́n á tún máa jí. Ilé la gbá, a ò tilẹ̀kùn mọ́ ewúrẹ́.

Ohun tí ì bá ti tó nìyí: ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á ṣí. Ẹ lọ síbi Startup, ẹ wo àwọn tí wọ́n kọ High sí níwájú, ẹ tẹ èyí tẹ́ ò nílò, kẹ́ ẹ yan Disable. (Ẹ fi antivirus sílẹ̀ o.) Kò pa nǹkan kan rẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá pè é ló máa tó dìde. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò.

Bí ìyẹn ò bá tó, ẹ wo Performance nínú Task Manager kan náà. Bó bá kọ HDD sábẹ́ Disk yín, àwo kan ló ń yí nínú rẹ̀, tí apá kékeré kan ń wá fáìlì káàkiri orí ẹ̀. Kò sí fọ́máàtì tó lè mú àwo yẹn sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. SSD ni oògùn ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ń yí nínú tiẹ̀. Wọ́n sì lè da gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ kọ sórí tuntun láìfọ́máàtì ohunkóhun. Owó fọ́máàtì tá à ń san ní sẹ́mẹ́sítà-sẹ́mẹ́sítà, ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ẹ̀ fún ìyẹn.

A mọ̀ pé fọ́máàtì ní ọjọ́ tirẹ̀, bí fáírọ́ọ̀sì bá ti ba Windows jẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwa náà sì jẹ̀bi: akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ń pariwo pé èdè ń kú lọ, tí ò fi ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sórí fíláàṣì! Ṣùgbọ́n "Ṣé fáìlì wà níbẹ̀?" kì í ṣe ìbéèrè tó ṣòroó bi oníbàárà. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ wa, níwájú wa ni kó ti kọ́kọ́ ṣí Task Manager.