Àlejò Tó Ra Àdìrẹ Lọ́wọ́ Wa, Ṣé Yóò Padà Wá?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè korò létí àwọn kan. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ la wà. Bí a ò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ará ìta ló máa bá wa sọ ọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo Àpáta Olúmọ yà sí ìsọ̀ mi ní Ìtòkú. Kò wá rajà o. Aṣọ ló gbé dání, ọ̀pá márùn-ún. Ó ní wọ́n tà á fún òun pé àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni, pé kí n bá òun wò ó. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àwòrán rẹ̀ sì bára mu látòkè délẹ̀, kò sí ibi tó yẹ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta aṣọ ẹ̀rọ. Ebi ò mọ ẹ̀rọ, ebi ò mọ ọwọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni irọ́. Ẹ kó ti ẹ̀rọ sọ́tọ̀, ẹ kó oníko, alábẹ́rẹ́ àti ẹlẹ́kọ sọ́tọ̀, kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ èyí fún oníbàárà, kí oníkálukú ra ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó jókòó tó fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ fún odidi ọjọ́, ẹ ń pa á lẹ́kún bí ẹ bá fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ta aṣọ ẹ̀rọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Àwọn kan á ní, “Ọjà là ń tà ní tiwa, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe àfẹ́?” Ó kàn wá gan-an! Àlejò ò lè gbé Olúmọ lọ sílé. Aṣọ tó rà, oúnjẹ tó jẹ àti ẹnu tí a fi bá a sọ̀rọ̀ ló ń gbé lọ.

Èkejì ni omi aró. Kọ́sítíìkì sódà ń jẹ ọwọ́, gbogbo aláró ló mọ̀. Kí wá ni a rò pé ó ń ṣe nínú gọ́tà tí a ń dà á sí, níbi tí ọmọdé ń gbà kọjá? Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é láyé òyìnbó, àwọn aláró ò gbà, ó sì di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́dún 1936. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí a ò bá ṣètò ara wa, ìjọba á bá wa ṣe é, ó sì lè má rọrùn fún wa.

Mo mọ̀ pé owó ló máa dí wa lọ́wọ́. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n bí aláró mẹ́wàá bá dáwó jọ, wọ́n á lè fi sìmẹ́ǹtì mọ ojú kan tí omi aró á máa rọlẹ̀ sí, kí wọ́n sì bi àwọn elétò ìlera léèrè ibi tó yẹ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò ju owó oúnjẹ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀kẹta ni owó ẹgbẹ́, ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀rù ẹnu àwọn àgbà. Lọ́dún 1947, àwọn ìyá wa tẹ̀lé Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ sí ààfin. Wọ́n ní àwọn ń san owó orí, àwọn ò sì ní aṣojú níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí wọ́n ṣe ń ná an. Ẹni tó bi ọba léèrè owó, ṣé kò yẹ kí òun náà lè ṣírò tiẹ̀? Owó ìmọ́tótó tí a ń dá, ẹ jẹ́ kí rìsíìtì wà. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde ní báńkì. Kí akọ̀wé kà á sí etí gbogbo wa lóṣooṣù. Owó táwọn ọmọ tó ń mú àlejò wá ń gbà lọ́wọ́ wa náà, kí ó ní iye kan pàtó, ká má máa bù ú lé àlejò lórí.

Mo rọ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Obìnrin ọjọ́sí, mo bá a tọrọ àforíjì, mo sì fi àdìrẹ oníko han àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ọjà wa ò ní kú o.