Ẹ́ńjìnnì tuntun nínú ògbólógbòó 4x4: bí ó bá kú sí ọ̀nà oko, ta ni yóò jí i?

Láti Kika títí dé Bétérou, láti Goro títí dé Tchatchou, iṣu àti kajú kì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò wọn lórí ọ̀nà ọ̀dà. Inú oko ni wọ́n ti ń gbéra, lójú ọ̀nà tí àgbàrá ti gbẹ́ ní kòtò, kí wọ́n tó dé títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou. Nígbà tí òjò bá rinlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ tó lè wọ ibẹ̀ kó sì jáde kò pọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń wá ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní quatre-quatre, tí wọ́n ń kọ ní 4x4. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti darúgbó. Àwọn kan ti sin iṣẹ́ ìjọba tàbí iléeṣẹ́ àánú fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń fi wọ́n kó iṣu.

Irin wọn lágbára. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní chassis, lè pé ogójì ọdún kó má tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì, ìyẹn moteur, ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Á máa mu ọ́ìlì, á máa rú èéfín, kò sì ní í fẹ́ jí ní òwúrọ̀. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ pátápátá, ẹnìkan á gba ọlọ́kọ̀ nímọ̀ràn pé kó lọ sí Kútọnu, kó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti ìgbà yìí pẹ̀lú àpótí jíà rẹ̀, kí wọ́n gbé méjèèjì sínú ọkọ̀ àtijọ́ náà. Ìmọ̀ràn yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Owó tí wọ́n fi ń ra odindi 4x4 mìíràn lè gbé gbogbo èrè oko kajú ọdún mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé èwo ló lágbára jù, èwo ló ń sáré jù. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú rọrùn ju ìyẹn lọ: bí ó bá kú sí ọ̀nà oko, ta ni yóò jí i?

Ó tún yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà ti kú lóòótọ́. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọkọ̀ tí kò lágbára mọ́ lè jẹ́ èyí tí asẹ́ epo rẹ̀ ti dí, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń wọ inú páìpù epo rẹ̀, tàbí tí àwọn injecteur rẹ̀, ìyẹn ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti jẹ. Mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn compression, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Iye tí yóò gbà fún àyẹ̀wò yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá dá ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́ ikú láìwọ̀n ọ́n lè sọ owó rẹ̀ nù.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé ó ti tán, oríṣi ẹ́ńjìnnì gasoil méjì ló wà lọ́jà. Èkíní ni ti àtijọ́. Pọ́ǹpù onírin ló ń ti epo lọ sí ẹnu injecteur, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún un. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní common rail. Irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké ní ọdún 1997 ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ti gba ọjà báyìí. Kí òǹkàwé lè mọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra, kó ronú nípa afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Agbára ìtì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3 tàbí 4 bar. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 4x4 àtijọ́, agbára tí ẹnu injecteur fi ń ṣí wà láàárín 100 sí 200 bar. Nínú common rail, ó ju 1000 bar lọ dáadáa, nínú àwọn mìíràn ó sì dé 2000 bar. Epo tí wọ́n fi irú agbára bẹ́ẹ̀ tì ń gba ojú ihò tó tín-ín-rín kọjá. Omi díẹ̀ tàbí ìyẹ̀pẹ̀ tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ tó láti ba ojú ihò náà jẹ́.

Wàyí o, irú epo wo ló ń wọ inú ọkọ̀ oko? Gbogbo ẹni tó ń gbé ní agbègbè náà ló mọ kpayo, epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò àti nínú bidon lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo ti gòkè, síbẹ̀ kò parẹ́. Bidon tó ti rí òjò, tó ti rí eruku, tó ti gbé ohun mìíràn rí, kò lè bá common rail ṣọ̀rẹ́. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè jẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n á tú omi inú asẹ́ dànù, wọ́n á fọwọ́ pọ́ǹpù epo, wọ́n á tún gbéra. Nígbà tí common rail bá kọ̀, ó di dandan kí wọ́n wá ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní valise. Valise kì í sábà sí lábẹ́ igi mẹkáníìkì abúlé. Ó lè di pé kí wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí Parakou, nǹkan bí 60 kìlómítà sí Tchaourou, kí wọ́n sì ti kọ́kọ́ fà á jáde kúrò nínú ẹrẹ̀. Iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dúró dè wọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ aboyún ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn Papané, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti owó.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kan ní èsì sí èyí, èsì wọn sì ní ìtumọ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kì í mu epo púpọ̀, kì í rú èéfín, ó sì ń fa ẹrù láìkẹ́rora. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tó ń ná Tchaourou sí Parakou lórí ọ̀dà lójoojúmọ́, tí ọlọ́kọ̀ rẹ̀ kì í ra epo níbòmíràn bí kò ṣe ní iléepo tó ṣeé fọkàn tán, lè jàǹfààní rẹ̀. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rí i dájú pé gbogbo wáyà ẹ́ńjìnnì náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀, pẹ́dáàlì rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jí bí kọ́kọ́rọ́ wọn kò bá sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oko kọ́ ni ìyẹn. Iye epo tí wọ́n bá fi pamọ́ lọ́dún kan lè bá injecteur mẹ́rin péré lọ.

Ohun tó bá ọ̀nà oko mu ni ẹ́ńjìnnì tó tuntun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, tó sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú ọkọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìdílé Land Cruiser ti Toyota. Èyí tó jáde láàárín ọdún 1980 sí 1990 sábà máa ń gbé ẹ́ńjìnnì 2H, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ti 100 ẹṣin. Ní ọdún 1990, Toyota fi ẹ́ńjìnnì 1HZ rọ́pò rẹ̀, ó ní sílíńdà mẹ́fà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ti 130 ẹṣin. Pọ́ǹpù onírin ló ń bọ́ ọ. Títí wọ inú àwọn ọdún 2020, àwọn iléeṣẹ́ àánú ṣì ń ra Land Cruiser tuntun tó gbé 1HZ fún iṣẹ́ ní Áfíríkà. Kì í ṣe pé wọn kò lówó láti ra èyí tó ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ ni. Ẹni tó ti mọ̀wé kà lè nu ìdọ̀tí ara ẹ́ńjìnnì nù fúnra rẹ̀, kó sì ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà. Olùtajà lè pe ohunkóhun ní 1HZ, irin kò ní purọ́. Àléébù kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi pamọ́: bẹ́líìtì kan wà nínú 1HZ tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní nǹkan bí gbogbo 100,000 kìlómítà. Bí ó bá já, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nítorí náà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó wọ inú ọkọ̀.

Ó dára kí ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà, ìyẹn boîte de vitesses, ti ara ọkọ̀ kan náà wá. Wọ́n ti mọ ara wọn, ihò bóòtù wọn bá ara mu, embrayage wọn sì bára mu. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser àtijọ́ ní jíà mẹ́rin. Nígbà tí jíà karùn-ún bá wà, ẹ́ńjìnnì kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ọ̀dà. Tí àpótí tuntun bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ síwájú àti sẹ́yìn gbọ́dọ̀ yí padà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin ni wọ́n ti ń gé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kó tó lè yí láìgbọ̀n. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kò ní gbá irin táyà iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, àti bóyá radiatọ̀ àtijọ́ tó láti tu ẹ́ńjìnnì tuntun lára. Àwọn Land Cruiser àtijọ́ kan ń lo iná 24 volt, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tuntun lè jẹ́ ti 12 volt. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pàdé èkejì láìṣètò yóò rí èéfín.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni ìjánu, ìyẹn frein, òun ló sì lè pa ènìyàn. Ìjánu ọ̀pọ̀ Land Rover àti Land Cruiser àkọ́kọ́ jẹ́ oní-ìlù ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ tí kì í lè sáré ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tí ìjánu gbọ́dọ̀ pa kì í ṣe ìlọ́po méjì ti 40 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ ìjánu kó tó dúró náà di ìlọ́po mẹ́rin. Kí òǹkàwé wá fi ẹrù iṣu kún un, àti àwọn obìnrin ọlọ́jà tó jókòó sórí ẹrù náà, àti àwọn ọmọ tó di irin mú lẹ́yìn. Bí owó bá kéré, kí ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ ná an sórí ìjánu, táyà àti sítíárìn. Ọkọ̀ tó ń rọra rìn tó sì ń dúró sàn fún ilé ju èyí tó ń fò lọ.

Ìwé ọkọ̀ kù. Carte grise, tó wà lábẹ́ àbójútó iléeṣẹ́ ANaTT, sọ irú ọkọ̀ àti irú epo tó ń lò. Bí ọkọ̀ tí wọ́n kọ bẹntiróòlù sí bá ti di ti gasoil, kò yẹ kí ìwé náà dúró bẹ́ẹ̀. Òfin CIMA, tó ń darí iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn assurance, ní Bẹ̀nẹ̀, lè sọ àdéhùn di asán bí oníbàárà bá mọ̀ọ́mọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Lọ́jọ́ jàǹbá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń hàn.

Láàárín ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Faransé: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rà, nọ́ńbà chassis, iye iṣẹ́, ẹni tí yóò sanwó bí ọ̀pá kan bá ṣẹ́, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí ìyókù owó tó kúrò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí wọ́n di ìdajì ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n wà á lọ sí oko tó jìn, kí wọ́n tẹ ìjánu lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n padà wá, kí mẹkáníìkì náà dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó wo ibi tí omi tàbí ọ́ìlì ti ń kán.