Òmìnira Ààbọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú àṣà, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ọ̀rẹ́ ni àwọn Quaker ń pe ara wọn. Orúkọ ẹ̀sín ni Quaker, ó túmọ̀ sí agbọ̀nrìrì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ìjọba tì mọ́lé nítorí pé wọ́n kọ̀ láti búra, wọ́n kọ̀ láti san ìdámẹ́wàá fún ìjọ ọba, wọ́n sì ń pàdé lọ́nà tiwọn.

Ní ọdún 1681, Ọba Charles Kejì fi ilẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà san gbèsè £16,000 tí ó jẹ bàbá William Penn. Penn fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1682, òfin ìlú tuntun náà kò gbà kí a fi ọ̀nà ìsìn fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbà pé Ọlọ́run kan wà. Kò fi ogun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Lenape tí wọ́n ni ín. Ó rà á ni.

Ìwà yìí yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ní 1684, ọkọ̀ Isabella kó 150 ọmọ Áfíríkà dé Philadelphia. Àwọn Ọ̀rẹ́ wà lára àwọn tí ó rà wọ́n, tí wọ́n fi wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n fi wọ́n kọ́lé. Penn pàápàá ní ẹrú.

Ní 1688, ọkùnrin mẹ́rin ní Germantown, tí Francis Daniel Pastorius jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Òwe wa ni àlàyé wọn bá mu: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọ́n bèèrè bóyá ẹrú kò ní ẹ̀tọ́ láti jà fún òmìnira rẹ̀. Ìpàdé oṣooṣù ní ọ̀rọ̀ náà wúwo jù, ó tì í sí ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyẹn náà tì í sí ìpàdé ọdọọdún ní Burlington. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e tì. Ó di 1776, ọdún 88 lẹ́yìn náà, kí ìpàdé ọdọọdún tó ka ẹrú níní léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́.

Èmi kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa náà ń bèèrè ẹ̀tọ́ láti sìn bí àwọn baba wa ti sìn. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: igbe ta ni àwa náà ń tì sí ìpàdé mìíràn? Òmìnira tí a kò lè fún ẹlòmíràn, ààbọ̀ ni.