Oníṣẹ́ Ọwọ́ Tí Ó Ń Dá Ṣiṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ Ìbefun, tọ̀ wá wá ní ilé lẹ́yìn ìsìn àṣálẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ wá. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ ju agbára òun lọ. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá ni òun gbà láti ṣe fún ẹnìkan tí ó ń kọ́ ilé, òun ṣe ìlérí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kẹfà sì ti ń lọ, mẹ́rin péré ni ó tíì jáde kúrò ní ọwọ́ òun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gba ènìyàn sí iṣẹ́ ni, tàbí kí òun máa dá a ṣe lọ. Ó ti bi àwọn àgbà mẹ́ta nínú iṣẹ́ náà léèrè kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣe ọ̀kan: "Ọmọ mi, dá a ṣe. Ọmọ aráyé kò ṣeé fi inú hàn."

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ àti àlùfáà ni a gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ni irin iṣẹ́ tiwa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, a mọ ọ̀nà tí ìmọ̀ fi ń kú ní ìlú, a sì rí i pé ìmọ̀ràn àwọn àgbà mẹ́ta yìí wà lára àwọn ohun tí ń pa á. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti dá wọn lóhùn ní gbangba nínú ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ọmọọṣẹ́ a máa ba pákó jẹ́. Wọ́n ní òun ni í kọ́kọ́ mọ ilé oníbàárà, tí ó sì ń ti ẹ̀yìn ọ̀gá lọ gba iṣẹ́ ní ìdajì owó. Wọ́n ní fóònù kì í kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá gbóná jù ni yóò sọ pé ìyá òun ń ṣàìsàn, a ó sì rí i ní ọjọ́ kejì lórí ọ̀kadà. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. A ti rí gbogbo rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n léèrè: nígbà wo ni iṣẹ́ ọwọ́ di iṣẹ́ àdáṣe ní ilẹ̀ Yorùbá?

Nítorí wọn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìṣe àwọn baba wa ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ni ó rí alágbẹ̀dẹ rí tí ó ń fi ọwọ́ kan fẹ́ ẹwìrì, tí ó ń fi èkejì di ẹ̀mú mú, tí ó sì tún ń lu owú? Ọmọ ni í fẹ́ ẹwìrì, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ àwọ̀ irin tí ó tó lù. Ní ti oko, àwọn baba wa ní àárò, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe ní oko ara wọn ní títò-tẹ̀lé-ara, bí ó ti kan ẹnìkan lónìí ni yóò kan ẹnìkejì lọ́la. Wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀, tí ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé lórí ń fi oúnjẹ àti ohun mímu pè. Àní ìwọ̀fà pàápàá, tí a kò fẹ́ kí ó padà wá, ó mọ iye gbèsè tí òun ń fi iṣẹ́ dúró fún. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, a kò rí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì pè é ní ọgbọ́n.

Nígbà tí Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, àwọn ọmọ wa ni ó kọ́ ní iṣẹ́ náà, ọwọ́ wọn ni Ìwé Ìròhìn sì ti jáde ní ọdún 1859. A kò fẹ́ràn gbogbo ìwà ọkùnrin yìí, pàápàá bí ó ti tako fífi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé òun nìkan ni ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ ni, ẹ̀rọ náà ìbá bá a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A padà sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wa. A ní kí ó ka ọ̀sẹ̀ kan fún wa. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kan ni ó fi ń lọ ra pákó ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí kò sí ẹni tí yóò rán. Ọjọ́ kan mìíràn ni ó fi ń rìn láti ilé dé ilé láti gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Bí ó bá lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ògiri, ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ní títì, ẹni tí ó bá gbé àga tí ó ṣẹ́ wá yóò sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ ni ó kù fún un nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, nínú èyí tí ó fi ọ̀pọ̀ wákàtí fá pákó, iṣẹ́ tí ẹni tí kò tíì mọ ìdajì ohun tí òun mọ̀ lè ṣe. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun kò kà á bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn Ìjẹ̀bú tí a ń sọ pé wọ́n mọ owó í kà!

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí àwọn àgbà mẹ́ta náà kò sọ fún un. Wọn kò sọ bí wọ́n ti ṣe sí àwọn ọmọọṣẹ́ tí wọ́n ní rí. Òbí san owó kí ọmọ tó wọ ẹnu iṣẹ́. Ọmọ dé, ó ń pọn omi, ó ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, ó ń mú àwọn ọmọ ọ̀gá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọdún kejì ni a tó jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ayùn. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá láìrí owó oúnjẹ ọ̀sán déédéé, lẹ́yìn náà a tún ní kí òbí wá san owó fírídọ̀mù, kí wọ́n sì wá ra ọtí àti ẹran. Labani, ẹni tí Jakọbu fi ọdún mẹ́rìnlá sìn nítorí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó sì ń pa owó ọ̀yà Jakọbu dà, ó kéré tán, ó fún un ní aya! Ẹni tí a bá lò bẹ́ẹ̀, kí ni ìyanu bí ó bá ti ẹ̀yìn lọ gba iṣẹ́? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé ohun tí ọwọ́ ẹni bá tó ni kí á mú.

Ẹ wo àwọn ará wa Igbo. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Igba Boi, ọmọ kì í san owó; òun ni yóò sin ọ̀gá fún iye ọdún tí wọ́n dá, ọ̀gá ni yóò sì fún un ní owó tàbí ọjà láti fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń lé ọmọ jáde nígbà tí ọdún bá kù díẹ̀ kí ó pé. Síbẹ̀ ọmọ ibẹ̀ ní ohun tí ó ń wò níwájú. Ní Jámánì, òfin ọdún 1969 wà lórí kíkọ́ iṣẹ́. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà bákan náà. Tiwa nìkan ni a ti ń fi owó ra ìyà.

Kì í ṣe pé òfin kò sí níhìn-ín. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004, sọ ní abala 49 pé òbí lè fi ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé 16 sí ẹnu iṣẹ́, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá gbà, kí a kọ àdéhùn náà sí ìwé, kí ó má sì ju ọdún 5 lọ. Abala 7 sọ pé kí oṣù 3 tó pé, kí agbanisíṣẹ́ ti kọ àdéhùn iṣẹ́ lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí ìjọba sọ di ₦70,000 ní ọdún 2024, kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25. Nítorí náà ọ̀gá kékeré kò ní ẹ̀rù ọlọ́pàá. Ṣé nítorí pé òfin fojú fò ó ni yóò ṣe san ohun tí kò tó jẹ iyán? A mọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní agbègbè Òdògbolú. Ìwé àdéhùn tí a ti fi ojú wa rí nínú wọn kò tó ìka ọwọ́ kan.

Àbájáde rẹ̀ wà ní gbangba. Bí a bá fẹ́ lẹ táìlì sí ilẹ̀ tàbí kí á rẹ́ ògiri dáradára, ọ̀pọ̀ nínú wa ni í wá ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tàbí ti Tógò. A kò kórìíra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ará wa ni, wọ́n sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kérora pé àlejò gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílé lọ́wọ́, kí ó kọ́kọ́ sọ iye ọmọ onílé tí òun ti kọ́.

A ní ọ̀rẹ́ kan rí, gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà, tí ó ṣe àwọn àga tí àwọn ará ìjọ wa ń jókòó sí. Ó mọ bí a ti ń ki igi bọ inú igi láìlo ìṣó kan. Òun náà dá ṣiṣẹ́ ni, nítorí pé ọmọọṣẹ́ kan ti jí ayùn rẹ̀ gbé ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta irin iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹsẹ̀ àga kan yọ nínú ilé ìsìn. Ẹni tí a pè kan ìṣó mẹ́rin mọ́ ọn. Ìṣó náà ń fa aṣọ ya títí di òní.

Ẹlòmíràn yóò ní, iṣẹ́ kì í gbóná ní gbogbo ìgbà, báwo ni ènìyàn yóò ti máa san owó fún ẹni tí ó jókòó? Ìbéèrè gidi nìyí, a kò sì fi ojú tín-ín-rín rẹ̀. Aránṣọ ní Ìjẹ̀bú mọ̀ pé bí Ojúde Ọba bá ń súnmọ́lé, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé ti ra aṣọ wọn, òun kì yóò sùn. Lẹ́yìn ọdún, ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ènìyàn mẹ́ta sí owó oṣù. Kí ó gba alágbàṣe ojúmọ́ ní àkókò náà, kí ó sì san án ní ìrọ̀lẹ́. Tàbí kí ó ṣe bí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó tẹ ìwé lè má ní ẹ̀rọ tí a fi ń gé e, tí ẹni tí ó ń gé e kò sì mọ̀ ọ́n dì. Iṣẹ́ kan náà ń ti ilé kan dé èkejì, olúkúlùkù sì jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Àárò ni èyí nínú aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní lọ́kàn láti san owó ọ̀yà rárá, tí ó jẹ́ ẹrú ọ̀fẹ́ ni ó ń wá, òun nìkan ni a bá àwọn àgbà mẹ́ta náà sọ fún pé kí ó máa dá a ṣe.

Ohun tí a sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni pé kí ó má tíì mú ọmọdé. Kí ó wá ẹnìkan tí ó ti parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí kò rí owó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n jọ kọ iye owó ojúmọ́ àti iye oṣù sí ìwé, kí ó sì fi fífá pákó àti lílọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lé e lọ́wọ́. Ó béèrè pé bí ó bá jí oníbàárà òun ńkọ́? A ní kí ó kọ ọ́ sí inú ìwé náà pé iṣẹ́ tí ó bá mú wá fúnra rẹ̀, yóò ní ìpín nínú èrè rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìpín yẹn dùn ún.

Ó padà wá ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá. Ó ti rí ẹnìkan láti Ṣàgámù. Wọ́n ti ní ìjà kan nítorí pákó tí ó gé kúrú, ó sì ti san owó ọ̀sẹ̀ méjì fún un. Nínú ilẹ̀kùn mẹ́wàá náà, ẹyọ kan ni ó kù.